Ọlidé Tí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Lò ní Àpápá

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìkánjú sọ, ẹni tó gbọ́ ọ kì í mọ ibi tó ti dun ni.

Láti ojúlé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ dé ilé tí ọmọ rẹ̀ lọ lo ọlidé ní Àpápá kò jìnnà. Ẹni tó bá jẹun yó, tó sì wọ bàtà gidi, á fi ẹsẹ̀ rìn ín láì sinmi. Mo ti rìn ín lọ, mo ti rìn ín bọ̀, nítorí pé Liverpool Road tí mo ti ń rán tapólì, ọ̀nà ibẹ̀ náà ló wà. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí mo bá ronú kan ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé òkun ló wà láàárín ilé méjèèjì ló máa ń rí lójú mi.

Tapólì ni aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí ọkọ̀ àjàgbé kí òjò má baà bà á jẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, àlìkámà ló ń gbá. Bí ọkọ̀ bá kó àlìkámà jáde ní wọ́ọ̀fù, tó ń gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jò sí ojú títì. Àwọn obìnrin á fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ, wọ́n á fẹ́ ẹ títí iyanrìn á fi kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì tà á fún àwọn tó ń sin adìẹ. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ẹrù já lé ọkọ rẹ̀ lórí ní wọ́ọ̀fù. Ọmọbìnrin ni àkọ́bí, ọkùnrin sì ni àwọn méjì tó tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Nígbà yẹn, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí ọwọ́ tálákà náà lè tó, tọkọtaya olówó kan wà ní Àpápá. Ọkọ ló ni ọkọ̀ àjàgbé rẹpẹtẹ, ìyàwó ló ń bójú tó ọ́fíìsì tí wọ́n fi ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Èmi ni mo máa ń rán tapólì fún díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn dẹ́rẹ́bà ni mo mọ̀, n kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Tọkọtaya yìí pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Nígbà tí Ọlọ́run yóò fún wọn, ẹyọ kan ló fún wọn, obìnrin. Ọmọ náà kò tíì jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àìsàn fi mú un lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí itẹ́. Àwọn ẹlòmíràn ló sin ín. Mo máa ń rò ó pé bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ibòmíràn tí wọ́n lè máa gbé ẹsẹ̀ wọn lọ. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ náà. Fandéṣọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ tí bàbá wọn bá iṣẹ́ wọ́ọ̀fù lọ. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo mọ ọmọ tó di nọ́ọ̀sì nípasẹ̀ wọn, mo mọ èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn lónìí. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn fún mi láti sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pín nǹkan, inú ọgbà ilé-ìwé kan ni wọ́n ta kánópì sí. Wọ́n pín àpò, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín ìwé. Ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ fọ́tò ọmọ tó lọ náà sí, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ọkùnrin kan di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bọ́ síwájú, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Thank you sir, thank you ma," gẹ́gẹ́ bí àwọn tíṣà ṣe kọ́ wọn. Ó wá kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kúnlẹ̀, ó gba ìwé, ó yí ẹ̀yìn ìwé náà padà, ó sì ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà kan, "ta ni ọmọ ẹ̀yìn ìwé yìí?"

"Say thank you, my dear! Ṣáà dúpẹ́!" Ẹni tó mú ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ gba ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Yéè! Ọmọ yìí ti pa mí."

Ìyàwó olówó náà dìde lórí àga. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó lóṣòó síwájú ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, aṣọ náà sì ń wọ́ nílẹ̀.

"Ọmọ mi ni."

"Ṣé ó wá síbí, mà?"

"Kò lè wá mọ́."

Ọmọ náà gbójú sókè sí i. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bàbá tèmi náà ò lè wá mọ́."

N kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà tó máa dìde, èjìká ọmọ náà ló fi ọwọ́ tì kó tó lè dìde.

Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ̀lé òun lọ dúpẹ́. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní àkùkọ kan tó ń sìn, tó ti fi àlìkámà ojú títì bọ́ títí ó fi sanra bí ọba. Òun ló dì lẹ́sẹ̀ tó gbé sábẹ́ apá. Ọmọ rẹ̀ wọ bàtà tuntun. A dé ẹnu géètì.

Mẹ́gàádì ní, "Who una dey find?"

"Màdáámù la fẹ́ rí," ni mo sọ.

"With fowl? Madam no order fowl o."

"Sọ fún wọn pé a ò wá tà á," ẹ̀gbọ́n mi ní. "A fi ta wọ́n lọ́rẹ ni."

Mẹ́gàádì wo àkùkọ, ó wò wá. "Una wey dem dey dash, una come dey dash back? Ajégúnlẹ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ọwọ́ méjèèjì ni màdáámù fi gba àkùkọ náà. Àkùkọ ju ìyẹ́, ó sì ta ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i láya, màdáámù kò bìkítà. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti orí àga.

"Mọ́mì, látìgbà tí a ti ń fún ènìyàn ní nǹkan, ṣé ẹnìkan ti fún wa ní nǹkan rí?"

"Kò sí, Dádì."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á o. Àkùkọ yìí àlejò ni."

Mo kíyè sí i pé Dádì àti Mọ́mì ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn. Ọmọ tó fún wọn ní orúkọ náà ti lọ, orúkọ náà kò lọ.

Wọ́n fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ọmọ mìíràn tí àjọ náà ràn lọ́wọ́ kò wá dúpẹ́, bóyá ẹ̀rù géètì ló bà wọ́n. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró fìríìjì láti yàrá kejì. Nígbà tí a fẹ́ dìde, màdáámù di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Ọlidé ò ní pẹ́ dé mọ́. Ṣé ẹ lè jẹ́ kó wá lò ó lọ́dọ̀ wa? Ilé yìí dákẹ́ jù."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ah! A dúpẹ́, mà. Ṣé kò ní yọ yín lẹ́nu?"

"Yọ wá lẹ́nu kẹ̀?"

Báyìí ni ọmọ náà ṣe lọ lo ọlidé ní Àpápá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe tọ́ wa, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ìlú òkè ni àwọn òbí wa ti wá sí Èkó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá gba ọmọ rẹ lọ lo ọlidé, o kì í lọ béèrè rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, ẹni tó gbà á ni yóò mú un padà wá, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀. Bí o bá lọ kan ilẹ̀kùn wí pé o fẹ́ mú ọmọ rẹ, bí ẹni ń sọ pé wọ́n ń fi ebi pa á, tàbí pé wọ́n ń lù ú ni. Àbùkù ńlá ni. Ìyá wa kì bá ṣe é láé, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

Ọlidé ń parí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fọ aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ara ògiri. Kò lọ gbá àlìkámà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn, kí wọ́n má baà gbé ọmọ dé kí wọ́n má bá ẹnìkankan nílé. Bí ọkọ̀ bá ti ya wọ àdúgbò, á jáde sójúde. Aládùúgbò kan tó ń ta ìgò òfìfo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé:

"Ìyá, ọmọ ẹ ti di ọmọ ọlọ́lá o! Ṣé á ṣì lè bá wa tò sẹ́nu ilé-ìwẹ̀ mọ́?"

"Á tò," ẹ̀gbọ́n mi á fèsì. "Ìwọ náà á sì tò sẹ́yìn rẹ̀."

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé tí a kò rí wọn, mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ mú ọmọ yìí."

"Kí n lọ sọ pé kí ni?"

"Ẹ ní ẹ wá kí wọn ni. Bí wọ́n bá rí yín, wọ́n á mọ̀."

"Wọ́n á mọ̀ pé aláìmoore ni mí. Ẹni tó ń san owó ilé-ìwé ọmọ mi ni kí n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí agbowó-orí? Wọ́n á mú un wá. Ènìyàn gidi ni wọ́n."

"Èmi lè lọ."

"Bí o bá gbé ẹsẹ̀ rẹ débẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán ọ, àbúrò, a ò ní jọ sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Nígbà tó yá, dẹ́rẹ́bà wọn dé. Ọmọ kò sí nínú ọkọ̀. Ìrẹsì ló wà níbẹ̀, àti òróró, àti aṣọ ìró fún ẹ̀gbọ́n mi. Dẹ́rẹ́bà náà dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì ní kí n kí yín, mà. Wọ́n ní ilé-ìwé kan wà nítòsí ilé tó dára, wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ó tẹ́ yín lọ́rùn."

Mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀kùn láti béèrè ọmọ rẹ̀ ló ṣí gbayawu síwájú rẹ̀ yẹn. Ó wo ìrẹsì, ó wo aṣọ.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun dáadáa, mà."

"Ṣé kì í sunkún?"

"Ó sunkún níbẹ̀rẹ̀, mà. Kò sunkún mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀já rẹ̀ so. "Sọ fún wọn pé a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run bá wa san án fún wọn."

Ohun tó sọ nìyẹn, òun náà ni dẹ́rẹ́bà sì gbé padà sí Àpápá. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, àwọn ará ilé dé láti bá a yọ̀ pé orí ọmọ rẹ̀ ti là. Ó bá wọn yọ̀. Ó bu ìrẹsì fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ àlìkámà tó ti fẹ́ tán. Kò sí iyanrìn kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣáà ń fẹ́ ẹ.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, mi ò lè sọ pé wọ́n gbé ọmọ náà pamọ́ fún wa. Ó máa ń wá ní Iléyá, á gbé ẹran àti bisikíìtì dání fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ní Iléyá àkọ́kọ́, ó jókòó sétí àga, ó di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lórí itan. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí pé, "Ọ́ńkù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?" Nígbà tí mo fi hàn án, ó wò ó, ó padà wá jókòó, ó sì mú un mọ́ra títí wọ́n fi gbé e padà lọ. Inú ilé yẹn kan náà ni wọ́n bí i sí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń pè é ní "Àǹtí Àpápá," wọ́n á pè é tán, wọ́n á sá lọ ṣeré.

Màdáámù ló ń pè ní Mọ́mì. Ìyá rẹ̀ wá di Màmá Ajégúnlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó ní, "Ìyá mi," bó ṣe máa ń dá a lóhùn láti kékeré. Kò yí ohùn padà rárá.

Lẹ́yìn náà ni fandéṣọ̀n ra ẹ̀rọ ìlọta fún un, pé kó fi ìgbálẹ̀ ojú títì sílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà pa á. Orúkọ ọmọ tó lọ náà ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ọ̀hún ní ọ̀dà pupa. Ó ń fi í lọ ata, ó ń fi í lọ ẹ̀wà, ó ń fi í jẹun. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń tẹ kàlẹ́ńdà àjọ náà. Nínú fọ́tò rẹ̀, Dádì yóò wà lápá ọ̀tún, Mọ́mì lápá òsì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi á fi kọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kúkú fi kọ́ pálọ̀ ká rí i. Ó ní níbẹ̀ lòun ti lè rí i kóun tó sùn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ra fóònù, òun àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn. Mo máa ń gbọ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Dádì àti Mọ́mì ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bá mi kí wọn o. Má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, má ṣe ojúkòkòrò."

"Yes, mà."

Ó parí nìyẹn. Á gbé fóònù náà dání fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ohùn ti kú nínú rẹ̀.

Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé girama nígbà tí kókó yọ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́mú. Ó fi pamọ́ fún gbogbo wa. Ó ń fi ọ̀já dì í, ó ń lọ ata. Ìgbà tí apá rẹ̀ wú tí kò lè gbé e sókè mọ́ la tó gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà sì sọ fún mi, ní kọ̀rọ̀, pé ó ti pẹ́ jù. Ó ní kí n má sọ fún ọmọ òun. Ó gbọ́ pé fandéṣọ̀n fẹ́ rán an lọ kàwé lókè òkun, ọmọ náà sì ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́.

"Jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ tán," ó ní. "Wọ́n á mú un wá kí mi bí wọ́n bá ráyè."

Wọ́n á mú un wá. Ọ̀rọ̀ kan náà láti ọjọ́ yìí wá. Mo jáde nílé láìdágbére fún un, mo sì rìn lọ sí Àpápá. Nígbà yẹn ni ọkọ̀ àjàgbé ti gba gbogbo ọ̀nà, wọ́n tò láti wọ́ọ̀fù wá, ènìyàn ní láti máa yọ́ gba àárín wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú tapólì tó wà lórí wọn, ọwọ́ mi ló rán an. N kò wo ọ̀kankan.

Ọ̀pá ni Dádì ti fi ń rìn nígbà náà. Mọ́mì ní kí n jókòó, mo kọ̀, mo dúró sọ ọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ di orí mú.

"Láti ìgbà wo? Kí ló dé tí ìyá rẹ̀ kò ránṣẹ́ sí wa? A ì bá ti gbé e lọ sí ibi tó dára!"

"Kò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni, mà. Ó ní ẹ máa mú ọmọ wá bí ẹ bá ráyè. Ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ tí ọlidé yẹn parí nìyẹn."

"Ọlidé wo?"

"Ọlidé àkọ́kọ́, mà. Ó fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń retí yín."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

"Ó ń retí wa? Ṣe bí òun ni kò wá! Mo di àpò ọmọ yìí, mo gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí mẹ́gàádì bá ti ṣí géètì, àyà mi á já, màá ní ìyá rẹ̀ ti dé, ó ti parí. Kò wá. Mo rán dẹ́rẹ́bà kó lọ béèrè, ó ní ó dúpẹ́. Kí ni kí n rò? Mo ní Ọlọ́run ló ti ọwọ́ obìnrin yìí fún mi lọ́mọ." Ó jókòó. "Bí mo bá sì gbé ọmọ tí wọn kò béèrè lọ bá ìyá rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mò ń lé e ni? Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń wá mú ọmọ."

"Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, Mọ́mì," ọkọ rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Mo ní ká gbé e délé."

"Ẹ sọ ọ́, Dádì."

Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà láìjà. N kò rí ohun tí mo lè fi bá a wí. Ọmọlúàbí ló jókòó sí Àpápá, ọmọlúàbí ló jókòó sí Ajégúnlẹ̀, olúkúlùkù ń ṣọ́ra kó má baà ṣẹ ẹnìkejì.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ náà ti dúró síbẹ̀ tipẹ́. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

"Ọ́ńkù, ṣé Màmá fẹ́ kí n padà wálé nígbà yẹn?"

"Ó fẹ́."

"Wọn ò sọ fún mi rí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, ṣé mo ti jẹun ni wọ́n ń béèrè. Mo rò pé wọ́n fi mí tọrẹ ni. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan kan."

Ó gun òkè lọ, ó di aṣọ díẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé o wá? Ṣé o dágbére fún wọn?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

"Ìdánwò rẹ ńkọ́?"

"Màmá," ọmọ náà ní, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "kí ló dé tí ẹ ò wá mú mi?"

"Mò ń retí kí wọ́n mú ọ wá ni."

"Ká ní ẹ wá ni, ǹ bá sá tẹ̀lé yín. N kì bá dúró wọ bàtà."

"Mo mọ̀, ìyá mi. Ojú ló ń tì mí."

Mo jáde síta fún wọn. Aládùúgbò tó ń ta ìgò wà lójúde, ó fẹ́ bi mí ní nǹkan, ó rí ojú mi, ó sì padà sídìí ìgò rẹ̀.

Ọmọ náà wẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn omi nílé wa. Mọ́mì rán dókítà wá, ó rán oògùn wá. Oògùn náà mú kí ìrora dínkù, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì lọ. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mọ́mì wá. A gbé àga fún un, ó kọ̀ ọ́, orí ẹní ló jókòó sí láàárín àwọn obìnrin ilé títí àwọn àáfà fi ṣe tán.

Gbogbo ènìyàn rò pé ọmọ náà yóò bá a padà ní ọjọ́ yẹn. Kò bá a padà. Ó ní òun máa dúró ti àwọn àbúrò òun. Àwọn àbúrò náà ti di géńdé, èyí àgbà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, wọn ò sì mọ ohun tí wọn ì bá bá a sọ. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ kú ilé," bí ìgbà tí wọ́n ń kí àlejò. Ó ń fi ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ lọ ata fún àwọn oníbàárà, ata á ta sí i lójú, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ìwé òkè òkun ti wá, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ síbẹ̀ láti lọ wò wọ́n. Mo rí ọkọ̀ Mọ́mì lójú títì, lẹ́nu àdúgbò, ó wà ní pípa. Mo rò pé ó wà nínú ilé. Mo wọlé, kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà nìkan ló jókòó sójú fèrèsé.

"Mọ́mì ńkọ́? Ọkọ̀ wọn wà níta."

"Inú rẹ̀ ni wọ́n wà," ó ní. Kò yí ojú kúrò lójú fèrèsé. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá náà. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀. Tó bá yá, wọ́n á lọ."

"Kí ló dé tí o ò lọ bá wọn?"

"Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, Ọ́ńkù, wọ́n á wọlé."

Mo dúró láàárín yàrá. Mo wọ sálúbàtà mi padà, mo jáde, mo rìn gba iwájú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá, mo kan gíláàsì ọkọ̀ náà. Mọ́mì yí i wálẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, kò lé tìróò, kò kun ètè. Ó di okùn àpò rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé ó ní kí n wá ni?"

Mo lè purọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ oníwà pẹ̀lẹ́ ti pọ̀ jù láàárín wa.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, mà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ yín ti dúró, kò tíì kúrò lójú fèrèsé."